Àfòmọ́ Tí Ó Ń Gbààwẹ̀

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Sarah tán, ohun tí ó kù nínú ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ wá láti Mopa, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ bí ó ti tọ́. Wọ́n kó ìkòkò àti àwo. Wọn kò fọwọ́ kan àfòmọ́ tí ó wà lára ìtì igi lẹ́yìn ilé, nítorí kò sí ẹni tí ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ogún. Báyìí ni ó ṣe di ti ọkọ rẹ̀, Alfred Bámiṣayé.

Ọmọ Mopa ni Alfred náà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti wà ní Lọ́kọ́ja, tí ó ń ṣe akọ̀wé ní sítọ́ọ̀ ìjọba níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ohun èlò ọkọ̀ ojú omi. Okùn, ọ̀dà, ìṣó, àtùpà: ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀, ó sì mọ àyè náà láìtan iná. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn Bámiṣayé, kí ó jí ìṣó kan.

Ilé rẹ̀ wà ní Kpata, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí odò. Ọgbà tí wọ́n fi koríko hun ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ilé Mọ̀ríámọ̀, obìnrin ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja, tí ó ń ta ẹja gbígbẹ. Ọkọ Mọ̀ríámọ̀ ti kú tipẹ́. Òun àti Mùkáílà ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Sarah. Àlàfo kan wà nínú ọgbà náà tí àwọn méjèèjì máa ń gbà kọjá síra wọn, wọn kì í gba ojú títì. Sarah a máa pè é ní Ìyá Mùkáílà, òun náà a máa pe Sarah ní Ìyá Dèjì. Ayọ̀dèjì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Sarah bí. Kò pé ọdún méjì láyé. Lẹ́yìn tí ó kú, àdúgbò fi orúkọ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n padà sí Ìyàwó Akọ̀wé. Mọ̀ríámọ̀ nìkan ni kò yí i padà.

Ọdún tí Dèjì kú ni Sarah mú àfòmọ́ náà wálé. Wọ́n gé igi oṣè ńlá kan lulẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè Patti nítorí ọ̀nà, ó sì bá a lára ẹ̀ka kan, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó ṣe ṣóńṣó sókè bí abẹ́rẹ́. Ó gé ẹ̀ka náà, ó rù ú wálé bí igi ìdáná, ó so ó rọ̀ sẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án. Ọ̀pá rẹ̀ dà bí ìrèké tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, yóò yọ òdòdó tí ó pọ́n bí pupa ẹyin, tí àmì dúdú tò sí lára bí ti ẹkùn. Òyìnbó aṣọ́gbó kan rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ́kìdì ni wọ́n ń pè é ní èdè òyìnbó. Sarah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń pè é ní àfòmọ́ lọ.

Inú òjò ni Sarah kú. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, àfòmọ́ kò tanná. Ọdún kejì bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta bẹ́ẹ̀. Alfred kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó rò sí i. Ó rò pé àfòmọ́ náà ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Èrò náà kọ́kọ́ tù ú nínú. Ohun kan wà nínú ilé tí ń ṣe bí òun ti ń ṣe. Nígbà tó yá ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí ohun tí ń ṣọ̀fọ̀ lè ṣọ̀fọ̀ kú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Alfred, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò. Kí o tó béèrè ibi tí ó ti wá, kí o tó bi í bóyá àlàáfíà ni ó bá dé, bu omi fún un. Ìyá rẹ̀ nà án nígbà kan nítorí pé ó jẹ́ kí àlejò jókòó títí kí omi tó dé. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, Alfred a bu omi, a rọra dà á sí àfòmọ́ lára. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ènìyàn ń bẹ́, a ṣe é láàárọ̀, a tún ṣe é nírọ̀lẹ́. Ó rántí pé Sarah kì í bomi rin ín nígbà ọyẹ́. Ó ti bá a wí lórí rẹ̀ rí. Ó ní ẹni tí ó lè rí ohun tí òùngbẹ ń gbẹ kí ó sì kọjá lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ le. Sarah kò fèsì. Nígbà náà, àwọn méjèèjì kì í fèsì fún ara wọn púpọ̀ mọ́.

Ó gbé e kúrò nínú oòrùn wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gé àwọn ọ̀pá àtijọ́ tí kò ní ewé mọ́, ó rò pé wọ́n ti kú. Ní ọdún tí ó fẹ̀yìn tì, tí ọjọ́ gbogbo wá di tirẹ̀, ó tú u kúrò lára ìtì igi, ó gbìn ín sínú agolo kẹrosíìnì tí ó fi ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ kún. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó dúdú dáadáa, inú Alfred dùn. Nígbà tó ṣe, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú agolo náà. Gbòǹgbò ti ń rà. Ó hú u, ó fi ọ̀bẹ gé ibi tí ó rà, ó fi ìko so ìyókù padà mọ́ ìtì igi. Ìyókù náà kò ju ohun tí ọwọ́ méjì lè bò lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, Mọ̀ríámọ̀ wà ní òdìkejì ọgbà. Nígbà tí ogójì ọjọ́ Sarah pé, ó ti ní kí Mùkáílà fi koríko tuntun dí àlàfo náà. Alfred rí i, kò bínú. Ọ̀rẹ́ ìyàwó ni ó ń wá sí ilé náà. Ìyàwó kò sí mọ́, ọ̀rẹ́ kò sì ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń lọ. Bí opó bá fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọjà Kpata yóò ti sọ ọ́ di ẹsẹ̀ mẹ́wàá kí oòrùn tó mú. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú títì, wọ́n á kí ara wọn, Alfred á wolẹ̀, oníkálukú á máa lọ.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, Ọlọ́runfẹ́mi, àbúrò Alfred, máa ń wá láti Mopa. Àgbẹ̀ ni. Yóò gbé iṣu wá, yóò kí i ní “Ọ̀kun o” láti ojú títì bí wọ́n ti ń kíni ní Mopa, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà kalẹ̀: kí ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀ nílé. Yàrá wà. Àwọn ọmọ wà tí yóò máa fọṣọ fún un. Kí ni ó kù ní Lọ́kọ́ja fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ mọ́? Alfred a mú un lọ sẹ́yìn ilé, a fi àfòmọ́ hàn án, a ní òun ń dúró dè é ni.

“Ẹ̀gbọ́n, àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan,” Ọlọ́runfẹ́mi wí. “Ṣé kò sí igi ní Mopa ni? Ẹ jẹ́ ká gbé e dání.”

“Kò lè la ìrìn já bó ṣe rí yìí.”

“Àbí ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ rìn.”

Alfred rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ohun tí Sarah tọ́jú kú mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó ní ọdún tí ó bá tanná, òun yóò mọ̀ pé ó ti yè, òun yóò sì máa bọ̀ nílé. Bí ẹni tí ń wá àwáwí ni ó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi dì í mú bí ìlérí. Ó ní òun ti gbọ́, Ọlọ́run náà sì ti gbọ́.

Ní ọdún 1964, ààwẹ̀ bọ́ sínú ọyẹ́. Yanrìn ti yọ láàárín odò, atẹ́gùn ń kó eruku bo gbogbo òrùlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ̀ríámọ̀ jókòó ní ẹ̀yìn ọgbà koríko, ó ń dúró kí oòrùn wọ̀ kí òun lè ṣínu. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbọ́ omi ní òdìkejì, tí ó ń dà sára ewé, tí ó ń kán sílẹ̀. Láti ìgbà tí Sarah ti kú ni ó ti ń gbọ́ ọ, tí ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bóyá òùngbẹ ni kò jẹ́ kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Bàbá Dèjì,” ó pè láti ẹ̀yìn koríko.

Alfred dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

“Bàbá Dèjì, ẹ má bínú sí mi. Àfòmọ́ yẹn, ṣé ẹ máa ń fún un lómi nínú ọyẹ́?”

“Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

“Òun náà ń gbààwẹ̀ ni,” Mọ̀ríámọ̀ wí. “Ìyá Dèjì ló sọ fún mi. Ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Òdòdó yẹn ni ìṣínu rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi omi ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́.”

Alfred gbé igbá omi náà kalẹ̀. Ó béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun láti ọjọ́ yìí wá.

“Ẹ kò béèrè. Kí n wá kan ilẹ̀kùn yín ni?”

Alfred sún mọ́ ọgbà náà kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, Mọ̀ríámọ̀ sì sọ ìyókù fún un. Kí ó gbé e padà sínú oòrùn àárọ̀. Kí ó má gbìn ín sí ilẹ̀, atẹ́gùn ni gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́. Àwọn ọ̀pá tí kò ní ewé, kí ó má fọwọ́ kàn wọ́n, àká rẹ̀ ni, inú wọn ni ó ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí, orí wọn sì ni òdòdó mìíràn ti ń yọ. Alfred gbọ́. Kò sọ fún un pé òun ti gé wọn.

Lọ́dún náà, àfòmọ́ kò yọ nǹkan kan. Mọ̀ríámọ̀ ní ẹni tí ó jẹun títí di ọ̀sán kò lè sọ nírọ̀lẹ́ pé òun gbààwẹ̀, kí ó ní sùúrù di ọdún tí ń bọ̀. Òjò dé. Mọ̀ríámọ̀ ní ìgbà yìí ni kí àfòmọ́ jẹ, kí ó mu, kí ó yó. Alfred ń bomi rin ín nígbà tí òjò bá fà sẹ́yìn. Ó ń rẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ díẹ̀ sínú omi púpọ̀, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń wọ́n ọn sí gbòǹgbò lára. Ọ̀pá tuntun yọ, ó ga, ó sanra.

Ó wá di àṣà. Nírọ̀lẹ́, Alfred á gbé àpótí sí ẹ̀yìn ilé, Mọ̀ríámọ̀ náà á jókòó sí ìdí ọgbà tirẹ̀, wọ́n á fi koríko sáàárín, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Alfred kì í rí ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ó bá na ẹsẹ̀, ó ń rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ koríko. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ odò tí ó ń kún, ẹja tí kò wọlé, ọmọ Mùkáílà tí eyín rẹ̀ ń hù. Ọ̀rọ̀ Sarah ni ó máa ń kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, Mọ̀ríámọ̀ sọ fún Alfred pé Sarah máa ń sín in jẹ, bí Alfred ṣe máa ń pè é láti inú yàrá, bí ó ṣe máa ń wúkọ́ kí ó tó béèrè oúnjẹ.

“Sarah?”

“Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀.”

Alfred kò mọ̀ pé Sarah lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti bá a gbé fún ogún ọdún ó lé.

Lọ́jọ́ mìíràn, Alfred bi í bóyá Sarah sọ fún un rí pé ọkọ òun ní ọkàn òun le. Mọ̀ríámọ̀ ń ha ìpẹ́ ẹja, Alfred ń gbọ́ ọ̀bẹ.

“Ó sọ fún mi,” ó wí.

Òjò dáwọ́ dúró. Ààwẹ̀ àfòmọ́ bẹ̀rẹ̀. Ewé rẹ̀ pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ dé, àwọn ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hun jọ bí ìka àgbàlagbà. Lójoojúmọ́ Alfred ń dìde, ó ń wò ó, ó ń padà wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó bu omi sí ife, ó dúró tì í.

“Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń bu omi o,” Mọ̀ríámọ̀ wí láti ẹ̀yìn ọgbà.

“Èmi ni mo fẹ́ mu ún.”

“Ẹ mu ún kí n gbọ́.”

Alfred mu ún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí oṣù ààwẹ̀ tún lé, ó rí ohun kan tí ó wú ní orí ọ̀pá kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ewé ni. Ó gùn, ó pẹ̀ka, ẹ̀ka náà sì rúdìí wínníwínní. Ó sọ fún Mọ̀ríámọ̀. Òun náà ń béèrè rẹ̀ láràárọ̀, bí ẹni tí ń béèrè aboyún. Ọ̀sẹ̀ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni èyí àkọ́kọ́ là, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn là. Gbogbo Kpata wọṣọ tuntun, ohùn ìkíni ń lọ láti ilé dé ilé, ìyàwó Mùkáílà gba ojú títì gbé oúnjẹ ọdún wá fún un, ó sì padà.

Alfred gbé àpótí rẹ̀, ó jókòó tì í. Òdòdó náà kò yàtọ̀ sí ti ìgbà ayé Sarah. Kò kéré sí i, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Ó wò ó títí. Kò ṣọ̀fọ̀ rí. Omi ni ó pọ̀ jù fún un. Gbogbo ọdún tí ó fi rò pé ẹni méjì ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé náà, òun nìkan ni.

Nírọ̀lẹ́, Mọ̀ríámọ̀ ní òun fẹ́ rí i. Alfred gbé ìtì igi náà wá sí ìdí ọgbà, ó fi ọwọ́ ya koríko díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú lè gbà. Mọ̀ríámọ̀ sún mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ yọ, ó kan òdòdó kan, ó padà.

“Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí,” ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìgbà tí Ọlọ́runfẹ́mi ń bọ̀. Alfred ti sọ ọ̀rọ̀ ìlérí náà fún un nígbà òjò. Ó ní iṣẹ́ oko ni ó dá àbúrò òun dúró, bóyá kí oṣù yìí tó parí.

“Kí òdòdó tó rẹ̀?”

“Òdòdó yìí kì í tètè rẹ̀.”

“Ká ní ẹ ti fún un lómi díẹ̀ sí i,” Mọ̀ríámọ̀ wí.

Mùkáílà tí ó wà nínú ilé gbọ́ tí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọ̀bẹ tí Alfred fi gé gbòǹgbò wà nínú ilé. Ó ronú kàn án. Bí ó bá gé òdòdó náà, Ọlọ́runfẹ́mi kò ní mọ̀, ọdún mìíràn yóò tún wà. Kò fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ náà. Ẹni tí ó fi gbogbo ọyẹ́ fara mọ́ ebi kó tó tanná, Alfred kò lè fi í ṣe irọ́.

Ọlọ́runfẹ́mi dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì. Kò jókòó kí ó tó lọ sẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó padà wọlé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ó tanná, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo rí i.”

“N kò rò pé yóò tanná,” Ọlọ́runfẹ́mi wí. Ó dà bí ẹni pé ojú ń tì í pé ó borí.

Ẹrù Alfred kò pọ̀. Kí ó tó lọ, ó dá nìkan lọ sí itẹ́ òkú, ó fa koríko tí ó hù sórí ibojì Sarah, ó padà. Ó pe Mùkáílà, ó ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fi àfòmọ́ náà sílẹ̀ fún un. Ẹnu ya Ọlọ́runfẹ́mi. Ó ní gbogbo ọdún tí ẹ̀gbọ́n òun fi dá wọn dúró nítorí rẹ̀, ó wá fẹ́ fi í sílẹ̀.

“Ará ibí ni,” Alfred wí.

Lọ́rí dúró sí ojú títì, ó dorí kọ ọ̀nà Kàbà. Wọ́n ti gbé ẹrù sókè, awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì, Alfred jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú. Àwọn aládùúgbò jáde wá kí i. Mọ̀ríámọ̀ kò sí láàárín wọn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Alfred yọ orí wo ẹ̀yìn.

Mọ̀ríámọ̀ ti jáde sí ojú títì. Ó wé gèlè bí ẹni tí ń lọ síbi pàtàkì. Ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀, ó rìn lọ sí ilẹ̀kùn Alfred, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé. Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan. Kò sí ọkùnrin nínú ilé náà mọ́.